Iye Wákàtí Láti Lisbon Dé Ilé

Nucăria, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù kìn-ín-ní, 2012

Viorica ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ọdún Kérésì wa, ti ọjọ́ keje oṣù yìí. Mo kí Délio ọkọ rẹ, mo sì kí Ilinca ọmọ-ọmọ mi, ẹni ọdún mẹ́rin tí mi ò tíì gbé sórí itan rí. Ara mi le, mo dúpẹ́. Orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń pariwo bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀, àmọ́ bí orúnkún ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin bá dákẹ́, ìgbà yẹn ló yẹ kí ẹ̀rù bà á. Yìnyín ti bo ọgbà àjàrà. Adìyẹ méjì péré ló ṣì ń yé, ojú tí wọ́n sì fi ń wò mí, ó dà bíi pé wọ́n ń ṣe mí lóore ni.

Mo tún aago kékeré tí ìyá rẹ gbé sójú fèrèsé ilé ìdáná ṣe. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ó ti ń fi wákàtí méjì wà lẹ́yìn, ìyá rẹ kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án nígbà ayé rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ Kérésì yìí mo yí i síwájú. Òun àti aago ńlá inú yàrá ti jọ ń sọ ohun kan náà báyìí.

Gavril awakọ̀ ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀, pẹ̀lú àpò àsálà kan, ìgò zacuscă mẹ́fà, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí mo sè fúnra mi, àti wáìnì lítà márùn-ún. Kọ èsì rẹ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí ó tó yí padà, nítorí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń wá. Mo mọ̀ pé o máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò kàn pè ọ́. Lórí fóònù, “Dáadáa ni, Bàbá, dáadáa ni,” lo máa ń sọ, o sì ti gé e. Lẹ́tà kò ṣeé gé.

Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Blajini ọdún yìí, ọjọ́ tí à ń rántí òkú wa, bọ́ sí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹrin, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ Àjíǹde. Ní Blajini tó kọjá, èmi nìkan ni mo lọ sí itẹ́ òkú, èmi ni mo tẹ́ aṣọ tábìlì ìyá rẹ sórí sàréè rẹ̀. Mo gbé búrẹ́dì, ẹyin pupa àti wáìnì lé e, mo wá ń fi búrẹ́dì àti táwẹ́ẹ̀lì tọrẹ fún àwọn èèyàn lórúkọ rẹ̀, bí gbogbo ilé ti ń ṣe. Àṣé mo gbàgbé láti tan àbẹ́là sórí búrẹ́dì náà, mo sì ti fún àbúrò Agafia alámùúlégbè wa lẹ́ẹ̀mejì. Agafia fúnra rẹ̀ dìde níbi sàréè ọkọ rẹ̀, ó nawọ́ sí mi lójú gbogbo ayé: “Ẹ gbà mí o! Bàbá Viorica, ọrẹ ni wọ́n ní kí ẹ pín, ẹ wá ń rìn láti orí ìlà dé orí ìlà bí ẹni tó ṣì jẹ́ kọ̀ndọ́ tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò! Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin!” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo ká aṣọ tábìlì náà sínú àpótí, mo sì lọ sùn láìjẹun.

Ìwọ ni Parascovia fi aṣọ tábìlì yẹn sílẹ̀ fún. Ó máa pé ọdún mẹ́ta ní oṣù kejì tí ó ti kú, o kò tíì dúró níbi sàréè rẹ̀ rí. Mo mọ̀ pé ìwé ìgbélùú ni kò jẹ́ kí o wá sí ìsìnkú, mi ò bá ọ jà lórí ìyẹn. Àmọ́ wá tẹ́ aṣọ yẹn lọ́dún yìí.

Bàbá rẹ,
Spiridon


Lisbon, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìn-ín-ní, 2012

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú òtútù, ẹ kú orúnkún. Àlàáfíà la wà. Ilinca ń fi ilẹ̀kùn fọ́ àsálà, Délio sì ti kìlọ̀ fún un pé ilé kì í ṣe tiwa. Zacuscă ti ku ìgò mẹ́rin, ẹ̀yin ẹ má bi mí bí ó ṣe rìn. Ibi ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì ni mo ṣì wà, ọwọ́ mi ti di ọwọ́ àgbà nínú omi gbígbóná, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi kì í ṣe èèyàn burúkú.

Ọ̀rọ̀ Blajini, mo ti gbọ́ ọ, Bàbá. Ó jìn. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé àádọ́wàá kìlómítà ni, mo wò ó lórí kọ̀ǹpútà Délio. Ilinca kéré, iṣẹ́ sì máa ń pọ̀ lásìkò Àjíǹde nítorí àwọn àlejò. Bóyá lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú.

Ẹ ra bàtà tuntun. Gavril ní èyí tó wà lẹ́sẹ̀ yín ti la ẹnu.

Ọmọ yín,
Viorica


Nucăria, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, 2012

Viorica ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ilé rẹ. Gavril kò lè jáde lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn nítorí pé yìnyín dí ọ̀nà, ó ga dé ojú fèrèsé Agafia. Èmi ni mo fi ṣọ́bìrì la ọ̀nà fún un. Kò dúpẹ́, ó ní mo da yìnyín lé òdòdó òun lórí. Òdòdó wo, nínú oṣù kejì?

O ní ó jìn. Kí ni ń jẹ́ “ó jìn”? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jẹ́ kọ̀ndọ́ nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ láti Chişinău olú-ìlú wa sí Moscow. Ẹgbẹ̀jọ kìlómítà ni àtilọ, wákàtí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Ọjọ́ tí wọ́n bí ọ, Bryansk ni mo wà, mo ń bu tíì fún àwọn sójà. Ojú ọ̀nà ni mo wà tí wọ́n fi bímọ fún mi, ojú ọ̀nà ni mo ti ṣe ọdún, ojú ọ̀nà ni eyín ti dùn mí. Mi ò sọ fún ìyá rẹ lẹ́ẹ̀kan rí pé ó jìn. Iye wákàtí ni mo máa ń sọ fún un. Bí ó bá ti ku wákàtí méjì kí n dé, yóò gbé ìkòkò sarmale kaná, tí n bá sì ṣí ilẹ̀kùn, ewé kábéèjì tó fi di ẹran inú rẹ̀ á ti rọ̀. “Ó jìn” kò ṣeé fi gbé ìkòkò kaná.

Má sọ kìlómítà fún mi mọ́. Sọ aago tí bàálù ń gbéra àti aago tí ó ń balẹ̀, èmi á ṣírò ìyókù fúnra mi.

Mo ti ra bàtà. Ó ń ha mí lẹ́sẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ ìwọ àti Gavril.

Bàbá rẹ,
Spiridon


Lisbon, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì, 2012

Bàbá mi,

Ẹ kú yìnyín. Mo ka lẹ́tà yín lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì, mo sì rẹ́rìn-ín débi pé ìyá kan sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Délio. Ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin inú ìlú lòun náà ń wà. Ó ní, “Bàbá rẹ tọ̀nà. Iye wákàtí ni ọ̀rọ̀.” Kí ni mo fẹ́ sọ, tí ẹ̀yin onírélùwéè méjèèjì ti parapọ̀ sí mi lórí?

Bàbá, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Èmi àti Ilinca la ń bọ̀, Délio kò rí ààyè gbà. Ìwé ìgbélùú mi ti wà lọ́wọ́, mo lè jáde kí n sì padà wọlé láìsí wàhálà. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sórí tíkẹ́ẹ̀tì rèé:

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́ oṣù kẹrin: kúrò ní Lisbon 9:30, dé Chişinău 15:50.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin: kúrò ní Chişinău 6:10, dé Lisbon 8:40.

Ó yá, ẹ máa ṣírò. Ẹ má pe gbogbo abúlé wá sílé o. Ilinca ń béèrè bóyá adìyẹ yín máa ń bu èèyàn jẹ.

Ọmọ yín,
Viorica


Nucăria, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kejì, 2012

Viorica,

Mo kí yín. Mo rí tíkẹ́ẹ̀tì náà. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, èsì rẹ̀ kò yí padà. Mo ti wá mọ ìdí tí o kì í fi í wá. Èmi ni kò mọ̀ látọjọ́ yìí.

Má wá mọ́. Dá tíkẹ́ẹ̀tì náà padà fún wọn. Mi ò ní yọ ọ́ lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Èmi á tẹ́ aṣọ tábìlì náà, n ó sì rántí àbẹ́là.

Adìyẹ kì í bu èèyàn jẹ.

Bàbá rẹ


Nucăria, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta, 2012

Viorica ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ọjọ́ àwọn obìnrin. Mo já òdòdó ghiocei funfun tó kọ́kọ́ yọ nínú ọgbà, mo gbé e lọ fún ìyá rẹ ní itẹ́ òkú, mo sì fún Agafia ní díẹ̀ kí ó má baà sọ̀rọ̀. Ó ṣì sọ̀rọ̀.

Gavril dé lọ́wọ́ òfo. Mo ní, “Lẹ́tà mi dà?” Ó ní, “Bàbá, ó gba àpò lọ́wọ́ mi, kò sọ nǹkan kan, ó kàn wọlé.” Mo bi í bóyá ara rẹ kò yá. Ó ní òun kò mọ̀, awakọ̀ lòun, òun kì í ṣe dókítà.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Kọ ìlà méjì péré.

Bàbá rẹ,
Spiridon


Lisbon, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta, 2012

Bàbá,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi yá. Inú mi ni kò dùn.

Mo mọ ohun tí ẹ ṣírò. Ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹ ka ọjọ́ tí mo máa lò, ẹ rí i pé lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí, ọjọ́ mẹ́jọ ni mo mú wá fún yín, ó sì dùn yín. Ẹ jàre. Ó yẹ kó dùn yín. Ọjọ́ mẹ́jọ yẹn, mo bẹ ọ̀gá mi títí kí n tó rí i gbà, ṣùgbọ́n mi ò sọ ìyẹn kí ẹ lè káàánú mi.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti ní kí n má wá, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Láti oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ni ìwé ìgbélùú ti wà lọ́wọ́ mi. Mo fi pa mọ́ fún yín. Kì í ṣe ọ̀nà ló jìn, Bàbá. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ọjọ́ tí ẹ sin Màmá, ibi ìfọṣọ ni mo wà, mo ń lọ aṣọ ibùsùn funfun, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, títí di aago mẹ́fà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ronú pé mo dúró níwájú sàréè yẹn tí gbogbo abúlé ń wò mí, àyà mi á já. Mo máa ń rò ó pé Màmá náà á máa wò mí, á bi mí pé níbo ni mo wà. “Ó jìn” rọrùn láti sọ, kò sí ẹni tó ń báni jiyàn lé e lórí. Àfi ẹ̀yin.

Nígbà tí mo ra tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ̀rù náà dínkù. Ó ṣe mí bíi pé mo lè ṣe é. Lẹ́tà yín wá dé.

Mi ò dá tíkẹ́ẹ̀tì náà padà. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ àwọn ṣíbí. Ohun tí ẹ bá sọ ni n ó ṣe.

Ọmọ yín,
Viorica


Nucăria, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹta, 2012

Viorica, Viorica ọmọ mi,

Ọjọ́ mẹ́jọ? Ta ló ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́jọ? Ọjọ́ mẹ́jọ pọ̀! Mo ti fi Parascovia sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì rí, kí n tó wá lo ọjọ́ méjì péré pẹ̀lú rẹ̀, ó sì ń pè é ní ìsinmi. Mi ò ka ọjọ́ rárá. Wákàtí ni mo kà.

Gbọ́ bí mo ṣe ṣe é. O kúrò ní Lisbon ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, o dé Chişinău ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wákàtí mẹ́fà àti ogún ìṣẹ́jú nìyẹn. Àtilọ ńkọ́? O kúrò níbí ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, o dé ọ̀hún ní aago mẹ́sàn-án ku ogún ìṣẹ́jú. Wákàtí méjì ààbọ̀ péré! Ṣé o ti rí i? Ojú kan náà ni ọ̀nà, bàálù kan náà, àmọ́ àtibọ̀ wálé fi wákàtí mẹ́rin dín ìṣẹ́jú mẹ́wàá gùn ju àtilọ. Mo rò pé ìṣirò mi ló yí. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Agafia, ẹni tó ṣe akọ̀wé oko ìjọba fún ogún ọdún. Ó fi gíláàsì sójú, ó kà á, ó mi orí. Ó ní, “Kí ló yà yín lẹ́nu níbẹ̀, Bàbá Viorica? Àtilọ ló rọrùn, àtibọ̀ ló le. Ṣé bí ó ṣe ṣe gbogbo àwọn ọmọ wa kọ́ nìyẹn?” Mo ní bóyá atẹ́gùn ni. Ó ní bóyá ilẹ̀ wa ló ga.

Mo wá ronú nípa Ilinca. Ìwọ fúnra rẹ, nígbà tó o wà lọ́mọdé, láti ibí dé Orhei, wákàtí kan péré nínú bọ́ọ̀sì, o bì sórí bàtà mi. Èmi á wá ní kí ọmọ ọdún mẹ́rin jókòó sókè ọ̀run fún wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ nítorí pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pín búrẹ́dì? Ojú tì mí. Mo ní, wò ó, ọ̀nà ilé ló le fún ọmọ yìí, èmi sì ń bá a jà láti ọdún mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ pé má wá. Àánú ni, kì í ṣe ìbínú. Mi ò ṣàlàyé nítorí pé bí mo bá ṣàlàyé, o máa mọ̀ pé mo ń sunkún.

Nípa ẹ̀rù tí o sọ. Ìyá rẹ kò bi mí rí pé níbo lo wà. Ó mọ ibi tí o wà. Títí tó fi dákẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ ni ó ń sọ fún nọ́ọ̀sì, pé ọmọ òun wà ní ibi tí òkun wà, pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lórí aṣọ. Kò sí ìbínú kankan níbẹ̀ tí o máa bá pàdé, Viorica. Koríko ni, àti àgbélébùú kan tí mo fi ọ̀dà búlúù kùn.

Nítorí náà bí ara rẹ àti ti Ilinca bá lè gba wákàtí mẹ́fà àti ogún ìṣẹ́jú, èmi ò ní kí o má wá mọ́.

Bàbá rẹ,
Spiridon


Lisbon, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta, 2012

Bàbá mi, olówó orí Parascovia, kọ̀ndọ́ àgbà,

Mo kí yín, mo kúnlẹ̀, mo sì ń nu ojú mi. Ẹkún ni mo kọ́kọ́ sun, lórí ọ̀rọ̀ Màmá àti nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà ni mo tún ka ìṣirò yín, ẹ̀rín gbé mi lulẹ̀ nínú ilé ìdáná títí Délio fi sáré dé pẹ̀lú ọṣẹ ìfárùngbọ̀n lójú. Nígbà tí mo sọ fún un, ó jókòó sílẹ̀.

Bàbá, aago Lisbon kì í ṣe aago Chişinău. Nígbà tí aago méjìlá ọ̀sán bá lù níbí, aago méjì ti lù lọ́dọ̀ yín.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ẹ mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ń yí aago padà lójú ọ̀nà. Aago tí wọ́n kọ síbi ìgbéra, aago ìlú ìgbéra ni. Aago tí wọ́n kọ síbi ìbalẹ̀, aago ìlú ìbalẹ̀ ni. Ẹ yọ wákàtí méjì kúrò lára àtibọ̀, kí ẹ fi wákàtí méjì kún àtilọ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìṣirò pẹ̀lú àsálà lórí tábìlì, mi ò ní bá yín parí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ṣé kí n wá?

Ọmọ yín,
Viorica


Nucăria, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin, 2012

Viorica ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Délio, kí ó sì parí irùngbọ̀n rẹ̀.

Mi ò kọ́kọ́ gbà ọ́ gbọ́. Láyé ìjọba Sófíẹ́tì, aago kan ṣoṣo ni gbogbo ọkọ̀ ojú irin ń lò, aago Moscow. Ì báà jẹ́ Chişinău lo wà, ì báà jẹ́ Vladivostok ní òpin ayé, aago ara tíkẹ́ẹ̀tì kò yẹ̀. Èèyàn lè máa jẹ oúnjẹ alẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀ máa sọ pé ọ̀sán ni, a ò sì bínú sí i. Mo mọ̀ pé aago àwọn ìlú yàtọ̀ síra. Pé tíkẹ́ẹ̀tì kan náà lè máa sọ aago méjì, ìyẹn ni mi ò mọ̀. Kò tọ́, tí o bá bi mí. Bí wọ́n ṣe ń ba iṣẹ́ jẹ́ nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi pè ọ́ lọ́jọ́ Àìkú. O ní mo pariwo. Mi ò pariwo, ọ̀nà ló jìn. Aago ńlá ti lu méjìlá. Mo ní, “Aago mélòó ni níbẹ̀?” O ní, “Aago mẹ́wàá, Bàbá. Ṣé kò sí nǹkan?” Mo ti gbọ́ ohun tí mo fẹ́ gbọ́, mo gé e. Wàyí o, ìwọ náà ti mọ bí ó ṣe máa ń rí.

Mo wá yíjú, mo rí aago kékeré ojú fèrèsé, èyí tí mo tún ṣe. Viorica, mo fa àga, mo jókòó tì í. Kò bàjẹ́ rí. Aago Lisbon ni. Ìdí nìyẹn tí ìyá rẹ kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń mọ ìgbà tí o ti ibi iṣẹ́ dé kí ó tó pè ọ́, tí èmi á máa sọ pé oríire ló ń ṣe é. Bí ó bá ń ro ẹ̀bà àgbàdo wa nínú ìkòkò, yóò wo aago yẹn, yóò ní, “Ó yẹ kí Viorica ti máa jáde báyìí.” Mo rò pé àsọdùn ìyá ni. Ọdún mẹ́rin ni èmi onírélùwéè fi jókòó síwájú aago tó ń sọ òótọ́, mo wá fi ọwọ́ ara mi bà á jẹ́ lọ́sẹ̀ Kérésì. Mo ti dá wákàtí méjì rẹ̀ padà fún un.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣírò. Mo yọ méjì kúrò, mo fi méjì kún un. Àtilọ: wákàtí mẹ́rin ààbọ̀. Àtibọ̀ wálé: wákàtí mẹ́rin àti ogún ìṣẹ́jú. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin, Agafia ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà ilé ló fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kúrú jù! Agafia ní ìyẹn kò ṣeé ṣe, mo ní kí ó lọ bá bàálù jà.

O bi mí bóyá kí o wá. Wá.

Bàbá rẹ,
Spiridon


Nucăria, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún, 2012

Viorica ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Délio, mo kí Ilinca tí mo ti gbé sórí itan títí itan fi kú. Gavril ń mú bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan bọ̀, abẹ́ ibùsùn ni mo ti rí i. Kí ó má bínú sí adìyẹ pupa yẹn. Òótọ́ ni, ó bù ú jẹ, mo ti bá a wí.

Ohun tí ojú rẹ rí ní Blajini, mi ò ní sọ ọ́ fún ọ. Ohun tí o kò rí ni n ó sọ. Nígbà tí o tẹ́ aṣọ náà, tí o kúnlẹ̀, tí o kò lè gbójú sókè, o rò pé gbogbo abúlé ń wò ọ́. Ilinca ni wọ́n ń wò. Ó ń fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ní ẹyin pupa, ó sì ń gbà á padà kí wọ́n tó lọ. Agafia nìkan ló wò ọ́. Ó gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ, ó wo àbẹ́là tó wà lórí rẹ̀, ó wo bí o ṣe so táwẹ́ẹ̀lì náà. Mo múra sílẹ̀ de ẹnu rẹ̀. Nígbà tí o yí padà, ó sọ fún mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, “Bàbá Viorica, bí Parascovia ṣe máa ń so ó gan-an nìyẹn.” Ó bú sẹ́kún, ó sì lọ. Agafia o! Títí di àárọ̀ yìí kò tíì bú mi.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ẹ lọ, mo délé láti pápákọ̀ òfurufú, mo jókòó sílé ìdáná. Nígbà tí aago ńlá di mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú, aago ìyá rẹ sọ pé mẹ́sàn-án ku ogún ìṣẹ́jú. Mo sọ sókè pé, “Wọ́n ti balẹ̀.” Fóònù sì dún kí n tó bu tíì. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Ilé dákẹ́, inú mi sì dùn.

Àtúnṣe kan ló kù lórí ìṣirò mi. Mo ti kọ fún ọ pé wákàtí mẹ́rin àti ogún ìṣẹ́jú ni àtibọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìyá rẹ kú ló yẹ kí o ti gbéra, ọjọ́ náà lọkàn rẹ sì ti gbéra, ìwọ fúnra rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà tí o wà níbí. Nítorí náà mo kọ ọ́ sínú ìwé mi bí kọ̀ndọ́ ti ń kọ ọ́: ó gba ọdún mẹ́ta, oṣù méjì, wákàtí mẹ́rin àti ogún ìṣẹ́jú. Èrò inú ọkọ̀: méjì. Wọ́n dé láyọ̀.

Lọ́dún tó ń bọ̀, jọ̀wọ́, ọmọ mi, kí ó jẹ́ wákàtí mẹ́rin àti ogún ìṣẹ́jú péré. Mo ti mọ ìgbà tí n ó gbé ìkòkò kaná.

Bàbá rẹ,
Spiridon